Iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ nínú fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ okòwò: Ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì bù mọ́ ọn

Kò sí ọlọ́jà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí. Ọmọkùnrin tó máa ń wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní gbogbo Sátidé nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì yóò kàn yọ sí wọn lójijì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Yóò dọ̀bálẹ̀, yóò béèrè àlàáfíà ìyàwó àtàwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni yóò fa ìwé kan yọ látinú báàgì rẹ̀. "Ọ̀gá, mo fẹ́ lọ kàwé MBA ni, wọ́n sì ní kí n mú lẹ́tà wá láti ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni máníjà yín fún ọdún mẹ́ta gbáko." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n mú bébà tí wọ́n tẹ orúkọ iléeṣẹ́ òun sí wá, á fọwọ́ sí i, á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, á sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó yọrí sí rere.

Lójú àwọn méjèèjì, oore ni wọ́n ṣe. Àmọ́ oore tó lè sọni sínú wàhálà ni. Ohun tó sì dunni jù níbẹ̀ ni pé irọ́ yẹn kò pọn dandan rárá. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe ní tòótọ́ tó nǹkan tí wọ́n lè gbé síwájú ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, bí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀. Iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́, ìyẹn èyí tí èèyàn ń ṣe lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù nídìí rẹ̀, iṣẹ́ ni. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní Bàlógun lọ́jọ́ Sátidé ń ṣiṣẹ́. Tíṣà tó ń tún fóònù ṣe nírọ̀lẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́ta péré ló ń fi bí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe níyì tó hàn: iye wákàtí tí wọ́n fi ṣe é, ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ gan-an, àti ẹni tó lè jẹ́rìí sí i.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù, ó yẹ kó mọ ìdí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ okòwò fi ń béèrè iṣẹ́ téèyàn ti ṣe rí. Kì í ṣe tìtorí pé wọ́n fẹ́ fi ìyà jẹ ẹnì kan. Ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ti Harvard ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1908, ló sọ ọ̀nà ìkọ́ni kan di olókìkí káàkiri ayé. Wọ́n á kọ ìtàn iléeṣẹ́ kan tó wà nínú ìṣòro, wọ́n á pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lọ kà á, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kálukú á sọ ohun tí ì bá ṣe ká ní òun ni ọ̀gá níbẹ̀. Lagos Business School, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1991, náà ń lo ọ̀nà yìí. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ni báyìí, ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ìdajì ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tí kò tíì ta ọjà àwìn rí, tí kọsítọ́mà kò sì tíì gbé owó rẹ̀ sá lọ rí, kò ní rí nǹkan púpọ̀ sọ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan gbèsè. Ẹni tó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù á rí ọ̀rọ̀ sọ, ì báà jẹ́ Sátidé nìkan ló fi jókòó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní bí wọ́n ṣe ń ka ọdún iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, lẹ́yìn tó ti gba dìgírì àkọ́kọ́, ni wọ́n ń kà bí wọ́n bá ní "ọdún iṣẹ́". Ìyẹn kò sọ pé wọn kì í wo àbọ̀ọ̀ṣẹ́ o. Àwọn fọ́ọ̀mù kan ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ ti gbogbo ọjọ́ tàbí ti wákàtí díẹ̀, àti wákàtí mélòó lọ́sẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù kan kò bá béèrè, CV àti àròkọ tí wọ́n ní kí èèyàn kọ nípa ara rẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n lè kọ ọ́ sí.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń fi wákàtí ka iṣẹ́ ní gbangba, ẹ wo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó fẹ́ lọ kàwé gboyè kejì lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ọdún méjì ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì sọ ọdún méjì náà di wákàtí 2,800. Bí wọ́n ṣe rí i ni pé wákàtí 35 lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 40 lọ́dún, jẹ́ 1,400; ìlọ́po méjì rẹ̀ ló di 2,800. Wọ́n ń gba iṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ mọ́ ọn, wọ́n tún ń gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pàápàá. Àmọ́ òfin lórí iṣẹ́ tí èèyàn ṣe kó tó gba dìgírì kì í rí bákan náà níbi gbogbo, ó sì lè yí padà láti ọdún kan sí èkejì. Nítorí náà, òfin ọdún tí èèyàn fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ni kó kà, kó má gbára lé ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ìṣirò yìí dára fún gbogbo ẹni tó ń ṣe àbọ̀ọ̀ṣẹ́, ì báà má lọ sí ìlú ọba. Ẹ mú un pé ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Ṣómólú, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yunifásítì Èkó ní Akọka sì ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ló ń lò lọ́jọ́ Sátidé, ó tún ń wá fún wákàtí mẹ́rin mẹ́rin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Bó bá yọ àsìkò ìdánwò àti ọdún kúrò, tó ku ọ̀sẹ̀ 45, wákàtí 900 ló ṣe lọ́dún kan. Ọdún mẹ́ta jẹ́ 2,700. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 50, á ṣe 2,000 lọ́dún. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí ọmọ náà ṣe jẹ́ bí iṣẹ́ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Kì í ṣe ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe òdo.

Níbẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà. Bí wákàtí 2,800 ni wọ́n ń béèrè, ọgọ́rùn-ún wákàtí ló kù fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ní kí ló wà nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì fi kún un. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún wákàtí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni nídìí iṣẹ́ kan náà. Kí lèèyàn wá fẹ́ tìtorí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún parọ́ sí?

Àṣìṣe méjì ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ti àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà pamọ́. Ojú ń tì wọ́n láti kọ ọ́ pé àwọn bá ìyá àwọn ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Wọ́n rò pé ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń wá ni orúkọ iléeṣẹ́ ńlá, torí náà wọ́n á kọ oṣù méjì tí wọ́n fi gbé fáìlì kiri ní ọ́fíìsì kan, wọ́n á sì fi ọdún márùn-ún tí wọ́n fi mọ iye tí ọjà ń wọlé, iye tí wọ́n ń tà á àti ẹni tí kì í san gbèsè sílẹ̀. Àwọn òbí wọn gan-an ló ń dá kún un, torí ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Kò ṣiṣẹ́ kankan, ó kàn ń ràn mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni." Bí ọmọ bá ti gbọ́ èyí fún ọdún mẹ́wàá, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ṣe?

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tó ń bù mọ́ ọn. Akọ̀wé ọjọ́ Sátidé á di máníjà, ọdún kan á di mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ni méjì á sì di iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀ka. Ohun tí irú wọn ń gbàgbé ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tó gba lẹ́tà yẹn náà ló gba èsì ìdánwò wọn láti yunifásítì. Ọdún tí wọ́n wọlé àti ọdún tí wọ́n jáde wà nínú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń wà ní kíláàsì ní Ifẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, tó tún jẹ́ máníjà láti àárọ̀ dalẹ́ ní Ìkẹjà láàárín ọdún kan náà? Ìwé méjèèjì ló máa jọ wà lórí tábìlì, wọn ò sì ní nílò láti wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tún máa ń pe fóònù ẹni tó kọ lẹ́tà. Bí ọ̀gá bá ti gbàgbé irọ́ tó fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kò sí ẹni tó ti dàgbà díẹ̀ ní Nàìjíríà tí kò rántí ọ̀rọ̀ Toronto. Ní oṣù Keje ọdún 1999, Salisu Buhari, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, kọ̀wé fipò sílẹ̀ nígbà tí àṣírí tú pé kò gba dìgírì tó ní òun gbà ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, ọjọ́ orí tó sì kọ sílẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ti Amẹ́ríkà tún wà níbẹ̀. Marilee Jones ni olórí ẹ̀ka tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní yunifásítì MIT, òun ló ń yẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 28, torí wọ́n rí i pé kò ní àwọn dìgírì tó kọ sínú ìwé rẹ̀. Ọdún 28! Iṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa kò gbà á sílẹ̀.

Báwo ló ṣe wá yẹ kí wọ́n kọ ọ́? Àkọ́kọ́, kí wọ́n pe iṣẹ́ náà ní orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbọ̀ọ̀ṣẹ́ ni, kí wọ́n kọ iye wákàtí lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí wọ́n parí. Kí wọ́n má dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, kó má di pé wọ́n ka ọdún kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní báńkì láti 2020 sí 2023, tó sì ń ta aṣọ ní Sátidé láàárín àkókò náà, ọdún mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọdún mẹ́fà.

Èkejì, kí wọ́n sọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe, kì í ṣe oyè tí wọ́n jẹ. "Olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá àgbà" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Ẹ padà sí ọmọ tó wà ní ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú yẹn. Ká ní òun ló ń gba iṣẹ́ ìwé ìpè àti jọ́tà ìnáwó lọ́wọ́ kọsítọ́mà, tó rí i pé bébà ń ṣòfò, tó ra ìwé kan tó ń kọ iye bébà tó bàjẹ́ lójoojúmọ́ sí, tí ọ̀gá sì tìtorí ẹ̀ mọ ẹ̀rọ tó ń ba bébà jẹ́, ìyẹn ju oyè lọ. Ìtàn bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ń wá. Bí ó bá ní iye owó tí wọ́n fi dín òfò kù, kó kọ ọ́, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kó má ṣe dá a.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀rí. Rìsíìtì, ìwé báńkì tó fi owó iṣẹ́ hàn, ìwé tí wọ́n fi ń ka ọjà, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC gbọ́dọ̀ rántí pé ọjọ́ wà lára ìwé ẹ̀rí náà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ òwò ní 2018, tó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2022, kó kọ méjèèjì bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ òwò wa ló ti ń tà kó tó lórúkọ.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹlẹ́rìí. Bó ṣe wù kí ìyá mọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tó, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ kí ẹbí kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fúnni. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù òbí rẹ̀ lè lọ bá ẹni tó ń kó ọjà fún wọn, tàbí kọsítọ́mà tó ti pẹ́, tàbí ẹni tó ń bá wọn ṣe ìṣirò owó. Irú wọn ló lè sọ pé, "Ọmọ yìí ni mo máa ń bá dúnàá-dúrà, kò rẹ́ mi jẹ rí."

Ìkìlọ̀ kan wà fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tọdún 1999, nínú ìlànà ìwà tó fi lélẹ̀ fún wọn, kò gbà kí ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní kíkún máa bójú tó òwò àdáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òfin náà yọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wà ní ìjọba, tó sì kọ ọ́ pé òun ń darí ṣọ́ọ̀bù aṣọ nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ẹ̀sùn ara rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ àdáni náà lè ní òfin tiwọn nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Kí èèyàn tún un kà kó tó kọ̀wé.

Gbogbo èyí wà lọ́rùn ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kan àwọn ọlọ́jà náà kò kéré. Bí ọmọ bá ń parọ́, ó lè jẹ́ pé a kò kọ òtítọ́ sílẹ̀ fún un nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ni. Àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ló bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní 1973, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT. Ẹni tó bá lọ fún IT máa ń ní ìwé tí wọ́n ń pè ní logbook. Ohun tó bá ṣe lójúmọ́ ló ń kọ síbẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á sì fọwọ́ sí i. Kí ló dé tí ọmọ tó ń wá ní Sátidé kò lè ní irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ìwé kan ṣoṣo ni. Kí wọ́n kọ ọjọ́, àkókò tó dé, àkókò tó lọ, iṣẹ́ tó ṣe àti owó tó gbà, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i lópin oṣù.

Àwọn kan á ní ta ló máa ka lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù kékeré sí? Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàjèjì, torí pé lẹ́tà tó wá láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá máa ń dán ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà iléeṣẹ́ ńlá sábà máa ń sọ ọjọ́ tí èèyàn wọlé àti ọjọ́ tó jáde, ó tán. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó jókòó ti ọmọ fún ọdún mẹ́ta mọ ọjọ́ tí owó pé àti ọjọ́ tí kò pé, ó mọ ohun tí ọmọ náà ṣe nígbà tí kọsítọ́mà ń bínú. Bó bá kọ èyí sílẹ̀ ní òótọ́, lẹ́tà rẹ̀ ní ẹran nínú ju ti ẹlẹ́ni ẹgbẹ̀rún lọ. Èrè tiẹ̀ náà wà níbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá mọ̀ pé ó ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ń jẹ́rìí òótọ́, kò ní wá ọmọ tó gbọ́n tì. Ìwé kan náà á sì jẹ́ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ mọ iye wákàtí tó ń sanwó lé lórí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọkùnrin yẹn bá tún yọ, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ pé máníjà lòun, kí ọ̀gá má lé e, kó má sì fọwọ́ sí irọ́. Kó fún un ní àga, kí wọ́n jọ ṣí ìwé iṣẹ́ wò, kó wá kọ lẹ́tà tó lè dúró níbikíbi: "Ọmọ yìí bá wa ṣiṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ láti oṣù Kìíní ọdún 2021 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2023, wákàtí 20 lọ́sẹ̀, àyàfi àsìkò ìdánwò àti ọdún. Òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọsítọ́mà, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ ìwé tí a fi ń mọ iye bébà tó ń bàjẹ́, a ṣì ń lo ìwé náà dòní. Kì í ṣe máníjà wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan, òun ni mo fún ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí mo sì dé, owó pé."